Ìdíje Wimbledon àti Àwọn Olúborí Rẹ̀: Ta ni Wọ́n Ṣílẹ̀kùn Fún?

Ọdún 1877 kì í ṣe ọdún tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè gbàgbé. Láti ọdún náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti ń ka Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bá ara wọn jà títí di ọdún 1893. Ìgbájọ ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí, Ìmẹ̀sí-Ilé ni ti àwọn Parapọ̀, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ọmọ Iléṣà sì ni ọ̀gágun tí àwọn Parapọ̀ gbójú lé. Ní oṣù keje ọdún 1877 kan náà, ní ẹ̀bá ìlú London, àwọn ọkùnrin 22 péjọ sórí koríko tí a gé mọ́lẹ̀ dáradára. Wọ́n mú ráákẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré sí ara wọn lórí àwọ̀n. Ogun Kírìjì ti parí, àwọn tí ó jà á sì ti lọ bá àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n ìdíje orí koríko náà kò tíì parí. Wimbledon ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó sì dàgbà jù nínú gbogbo ìdíje tẹ́níìsì ayé.

Orúkọ àwọn olúborí Wimbledon wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọọdún láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Iléṣà, àwọn tí ó mọ ìtàn a máa ka orúkọ àwọn Ọwá Obòkun lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tí ó bá sì fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ obìnrin mélòó kan láàárín àwọn Ọwá ayé àtijọ́. Olùgbọ́ lásán yóò ka iye ọba, yóò sì dákẹ́. Òpìtàn ni yóò béèrè ìdí tí obìnrin fi wà ní apá kan àkójọ náà, tí kò sì sí ní apá kejì. Òun ni yóò béèrè ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti du oyè ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ náà. Bí ó ti yẹ kí a ka orúkọ ọba ni ó yẹ kí a ka orúkọ olúborí. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ń sọ ẹni tí ó mọ eré í ṣe. Orúkọ tí kò sí níbẹ̀, nígbà mìíràn, ń sọ ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí ó bá yẹ ìtàn Wimbledon wò fínnífínní yóò rí i pé ìtàn ilẹ̀kùn kan ni, tí wọ́n ń ṣí díẹ̀díẹ̀, àti pé ìgbàkígbà tí ó bá ṣí sí i ni adé olúborí ń níyì sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ìdíje Náà

Ní ọdún 1868 ni àwọn ọlọ́lá kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún eré croquet, èyí tí wọ́n ń fi òòlù onígi gbá bọ́ọ̀lù gba abẹ́ irin títẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1874, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Walter Clopton Wingfield gba ìwé àṣẹ ìjọba fún eré tuntun tí ó ṣètò fún orí koríko. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà ya apá kan pápá wọn sọ́tọ̀ fún eré tuntun yìí, kò sì pẹ́ tí àlejò fi gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí ó bí ìdíje ọdún 1877 kò ju owó lọ: ẹgbẹ́ náà ń wá owó tí wọn yóò fi tún ohun èlò wúwo tí ẹṣin ń fà láti tẹ́ ilẹ̀ pápá wọn ṣe.

Gínì kan ni owó ìwọlé fún ẹni tí yóò díje. Ìwé ìròyìn The Field fi ife fàdákà tí iye rẹ̀ tó gínì 25 sílẹ̀ fún olúborí. Òjò dá àṣekágbá dúró títí di ọjọ́ 19 oṣù keje. Nígbà tí ojú ọjọ́ sì là, nǹkan bí 200 ènìyàn san ṣílè kọ̀ọ̀kan láti wòran. Spencer Gore ni ó borí. Ó na William Marshall ní 6-1, 6-2, 6-4. Gore alára kò gbà pé eré náà yóò tọ́jọ́.

Ẹ̀kọ́ wà nínú owó gínì kan yẹn. Alágbàṣe kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ní láti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó rí i. Kò sí òfin kan tí ó lé mẹ̀kúnnù sẹ́yìn ní Wimbledon lọ́dún 1877. Owó nìkan ti tó láti ṣe iṣẹ́ òfin. Nítorí náà, olúborí àkọ́kọ́ borí àwọn 21 tí ó wà lórí koríko. Àwọn tí kò lè san gínì kan kò sí níbẹ̀ láti bá a díje.

Àwọn Olúborí Ayé Ìṣáájú

Ní ìgbà náà, olúborí ọdún tí ó kọjá kì í bá gbogbo ènìyàn díje. Bí àgbà oníjàkadì tí ó jókòó ti onílù títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi kù lójú agbo, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dúró de ẹni tí ó bá ṣẹ́gun gbogbo àwọn yòókù, àwọn méjèèjì yóò sì wàákò. Àṣà yìí ran William Renshaw lọ́wọ́, ẹni tí ó borí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra láti 1881 dé 1886, tí ó sì tún borí ní 1889. Ernest, ìkejì rẹ̀, nítorí ìbejì ni wọ́n, gba tirẹ̀ ní 1888. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ ìyá méjì mìíràn dé: Reggie Doherty borí láti 1897 dé 1900, Laurie àbúrò rẹ̀ sì borí láti 1902 dé 1906. Ọdún 1922 ni wọ́n fòpin sí àṣà náà, tí olúborí àná fi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Odún 1884 ni wọ́n gba obìnrin láyè. Àwọn 13 ni ó wá, Maud Watson sì na Lilian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àṣekágbá. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Lottie Dod, ọmọ ọdún 15, gba adé. Títí di òní kò sí olúborí adáṣeré tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé irú ọmọdébìnrin bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń jẹ oyè náà láàárín ara wọn títí May Sutton fi ti Amẹ́ríkà wá gba ti àwọn obìnrin ní 1905, tí Norman Brookes ará Ọsirélíà sì gba ti àwọn ọkùnrin ní 1907. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni Suzanne Lenglen ọmọ ilẹ̀ Faransé dé, tí ó borí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín 1919 àti 1925. Èrò tí ń wá wò ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pápá àtijọ́ kò gbà wọ́n mọ́; ní 1922 ni wọ́n kó lọ sí Church Road, níbi tí ìdíje náà wà títí di òní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1940, bọ́ǹbù bọ́ sórí pápá àárín. Wọ́n tún un ṣe. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ọmọ Òṣìṣẹ́ àti Òfin Owó

Fred Perry ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ènìyàn lè gba adé kí onílé má sì fi tayọ̀tayọ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ ilé òwú ni bàbá rẹ̀ kí ó tó di aṣòfin ní abẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Perry borí ní 1934, 1935 àti 1936. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ borí, òun fi etí ara òun gbọ́ tí ẹnì kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń sọ fún Jack Crawford, ẹni tí òun nà, pé ẹni tí ó sàn jù kọ́ ni ó borí. Ní òpin 1936, Perry lọ fi tẹ́níìsì ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn, nítorí òfin ni pé ẹni tí ó bá gba owó eré kò gbọdọ̀ díje ní Wimbledon. Ọdún 77 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dúró kí ọkùnrin mìíràn láti ilẹ̀ náà, Andy Murray ọmọ Scotland, tó gba adé adáṣeré ní 2013. Ní 1984, wọ́n gbé ère Perry kalẹ̀ sínú ọgbà náà.

Lójú àwọn tí ó ṣe òfin yìí, wọ́n ń dáàbò bo iyì eré. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè ṣeré ní gbogbo ọdún láìgba owó, bí kì í bá ṣe ẹni tí bàbá rẹ̀ fi owó sílẹ̀ fún? Ọ̀ràn Rod Laver ará Ọsirélíà ni ó tú àṣírí òfin náà. Laver borí ní 1961 àti 1962, ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gba owó. Fún ọdún márùn-ún kò lè wọlé. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin náà ní 1968, ó padà wá, ó borí, ó sì tún borí ní 1969. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ àwọn olúborí 1963 dé 1967 ní láti rántí pé ọ̀kan nínú àwọn akọni tí ó tóbi jù láyé dúró sí ìta ní gbogbo àkókò náà. Èyí kò sọ Roy Emerson, tí ó borí ní 1964 àti 1965, di ọ̀lẹ. Ó kàn ń sọ fún olùkàwé pé ìbéèrè kan kù tí a kò dáhùn.

Àwọ̀ Ara

Ilẹ̀kùn tí ó le jù láti ṣí ni ti àwọ̀ ara. Ní 1927 ni wọ́n bí Althea Gibson ní Silver, ní South Carolina, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń dá oko òwú. Harlem ní New York ni ó dàgbà sí. Ó mọ tẹ́níìsì gbá, ṣùgbọ́n àwọn ìdíje ńlá Amẹ́ríkà kì í gba adúláwọ̀. Alice Marble, obìnrin òyìnbó tí ó borí ní Wimbledon lọ́dún 1939, ni ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn eré náà ní 1950 tí ó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ohun ìtìjú ni. Wọ́n gba Gibson láyè ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ó sì di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó díje ní Wimbledon ní 1951. Ní oṣù keje 1957, ó na Darlene Hard ní 6-3, 6-2, Ọbabìnrin Elizabeth sì fi àwo fàdákà lé e lọ́wọ́. Ó tún borí ní 1958. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìgbà ṣe ń yí nígbà náà, kí ó rántí pé oṣù kejì tí Gibson gba adé rẹ̀, ní oṣù kẹjọ 1957, ni Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjọba ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1895 ni Lagos Lawn Tennis Club ti wà ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń sọ nípa koríko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti ń gbá a níbẹ̀ báyìí. Nígbà ìjọba òyìnbó, ẹgbẹ́ àríyá jẹ́ ibi tí a ti ń mọ ẹni tí a kà sí ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkòyí ní 1938, tí ó di Ikoyi Club lónìí, European Club ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, orúkọ náà sì ti tó àlàyé. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings, adúláwọ̀ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní yàrá sùn. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú kí Gómìnà Richards kéde pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò jókòó kí wọ́n máa ka ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò ṣílẹ̀kùn. Ní 1926, wọ́n dá Yoruba Tennis Club sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹgbẹ́ náà sì wà ní Oníkàn. Ọgbọ́n kan náà ni Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lò nígbà tí wọ́n dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fẹ́ kàwé má baà máa wá a kiri ìlú onílùú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí àwọn kan ti ń kan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń kọ́ ilé tiwọn.

Ashe ní Èkó, Odizor ní Wimbledon

Arthur Ashe ni adúláwọ̀ ọkùnrin tí ó gba adé adáṣeré Wimbledon. Títí di ìdíje ọdún 2025, òun nìkan ni. Richmond ní Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1943. Bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọgbà ìṣeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn adúláwọ̀, nítorí òfin kò gbà wọ́n láyè nínú ti àwọn òyìnbó. Ní 1975, kò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó rò pé Ashe lè na Jimmy Connors, olúborí ọdún tí ó ṣáájú. Connors ń fi agbára gbá bọ́ọ̀lù. Ashe kò fún un ní agbára kankan láti dá padà. Ó rọra ń gbá a, ó ń dá a sí ìsàlẹ̀, ó sì borí ní 6-1, 6-1, 5-7, 6-4.

Ní oṣù kejì 1976, olúborí Wimbledon yìí wà ní Èkó fún ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ọjọ́ 13 oṣù náà ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti máa bá ìdíje lọ, àwọn ọmọ ogun wọ orí pápá níbi tí Ashe ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì dá eré dúró nítorí pé orílẹ̀-èdè wà nínú ọ̀fọ̀. Àwọn àlejò fi Nàìjíríà sílẹ̀ láìparí ìdíje náà níbẹ̀.

Ọdún 1983 ni ọmọ Nàìjíríà fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa lórí koríko Wimbledon. Nduka Odizor, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1958, kọ́ eré náà ní Èkó. Olùkọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ni ó ràn án lọ́wọ́ tí ó fi dé Yunifásítì Houston. Ní ìpele àkọ́kọ́ ní Wimbledon lọ́dún náà, ó pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà, ẹni tí wọ́n tò sí ipò kẹrin. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor kò tú ká. Ó gba mẹ́ta tí ó kù, ó sì dé ìpele kẹrin kí Chris Lewis tó dá a dúró. Lewis yìí kan náà ni ó dé àṣekágbá, níbi tí John McEnroe ti nà án. Odizor kò gba ife, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwọn olúborí. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá fi èyí gbójú fò ó kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn Tí Kò Tíì Parí Ní Ṣíṣí

Ọdún 2007 ni Wimbledon kọ́kọ́ fún olúborí obìnrin àti ọkùnrin ní iye owó kan náà. Venus Williams, ọ̀kan nínú àwọn tí ó jà fún un jù, ni ó borí lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó gba adé lápapọ̀. Serena àbúrò rẹ̀ gba méje. Lóde òní, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe àjèjì lórí koríko náà mọ́: ọmọ Togo ni bàbá Félix Auger-Aliassime tí ó ń ṣeré fún Kánádà, Sierra Leone sì ni àwọn òbí Frances Tiafoe ti wá sí Amẹ́ríkà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ní ibi ìkọ́ni ní tẹ́níìsì kan. Ohun tí bàbá Ashe ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni bàbá Tiafoe náà ṣe: ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sún ọmọ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó ti ṣí tún lè padé. Ní 1973, àwọn aṣeré ju 70 lọ kọ̀ láti wá nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ Niki Pilić, ẹlẹgbẹ́ wọn. Jan Kodeš ni ó borí lọ́dún náà. Ní 2022, nítorí ogun Ukraine, Wimbledon kò gba àwọn ọmọ Rọ́ṣíà àti Belarus láyè. Ẹni tí ó sì gba adé àwọn obìnrin ni Elena Rybakina, tí wọ́n bí ní Moscow ṣùgbọ́n tí ó ń ṣeré fún Kazakhstan. Ní 2023 wọ́n tún gbà wọ́n padà. Àwọn kan sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sọ pé kò tọ́. Èyí tí ó kan òpìtàn ni pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olúborí.

Ẹnì kan lè béèrè bóyá ó yẹ kí a wá gba adé lórí Gore àti Renshaw nítorí pé ilẹ̀kùn há ní ayé wọn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n na gbogbo ẹni tí wọ́n mú wá síwájú wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí a mọ ìwọ̀n adé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó borí ọmọ agbo ilé rẹ̀ ti borí. Ẹni tí ó borí ọmọ ìlú ti borí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó borí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ jáde, láìbéèrè àwọ̀, owó tàbí ìdílé, òun nìkan ni orúkọ náà bá mu délẹ̀délẹ̀. Nítorí èyí ni ṣíṣí ilẹ̀kùn kì í fi í ṣe ojú àánú fún ẹni tí ó wà níta nìkan. Ẹni tí ó wà nínú ilé gan-an ni ó ń jèrè rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni adé rẹ̀ tó di adé.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ọ̀rọ̀ yìí kan Iléṣà àti Òṣogbo bí ó ti kan London. Lọ́dọọdún ni àwọn ilé-ìwé ní ìlú méjèèjì ń ṣe eré ìdárayá, tí wọ́n ń fi ife fún àwọn olúborí, tí orúkọ ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣègbé kí òjò ọdún kejì tó rọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ wọn lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn: kí wọ́n kọ orúkọ olúborí sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ó borí, kí wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ iye ọmọ tí ó bá a díje, àti àwọn tí kò rí àyè díje àti ìdí rẹ̀. Tí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá, ìlà kejì yẹn ni òpìtàn yóò kọ́kọ́ wá.